Kí Ni Ìjàpá Ilé Wa Ṣe Aláìní? Àlàyé Lórí Àwọn Èròjà Aṣaralóore

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ owó ìdáwójọ, ẹ̀yáwó, ọ̀sìn adìẹ àti oúnjẹ inú ilé ni a sábà máa ń sọ. Ní ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ ìjàpá ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Láti inú ìpàdé wa ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹni tí ó ń sin ìjàpá àti fún ẹni tí kò sìn ín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní Súrùlérè ni ó gbé ìjàpá kan wá sí ìpàdé nínú agbọ̀n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń sìn ín nínú fúláàtì tí wọ́n ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá ní kí á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. A tẹ̀ ẹ́, ó sì rì bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń jò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ńṣe ni ó ń wọ́ àyà nílẹ̀. Ìyá wá sọ fún wa pé: “Ẹ̀yin ará, ìgò fítámínì olómi mẹ́ta ni mo ti rà fún un, irú èyí tí a ń fún ọmọ ọwọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń kán an sí i lẹ́nu. Kí ni ó tún kù tí mo lè rà?”

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. A mú ìjàpá náà tọ dókítà ẹran lọ, a béèrè ọ̀rọ̀, a sì tún ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè ìyá wa kò tí ì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ. Kí á tó béèrè pé kí ni a ó rà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ẹran náà ṣe aláìní.

ÌKARAHUN NI ÀPÓTÍ OWÓ

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjàpá, ṣùgbọ́n ìkarahun tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbín. Eegun ni. Eegun ẹ̀yìn àti eegun ìhà rẹ̀ wà lára ohun tí ó para pọ̀ di igbá líle yẹn, ohun kan tí ó dà bí èékánná wa sì bò ó lókè. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá ń bá eegun ìjàpá jà, ara ìkarahun ni yóò ti hàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹgbẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Eegun ni àpótí owó ara. Kálísíọ́mù ni owó tí ó wà nínú àpótí náà. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ná nínú owó yìí, nítorí pé bí kò bá sí kálísíọ́mù, ọkàn kò lè lù, iṣan kò sì lè ṣiṣẹ́. Bí oúnjẹ kò bá mú owó tuntun wá, ara kò ní torí ìyẹn dá ìnáwó dúró. Inú àpótí ni yóò ti máa yá a. Díẹ̀díẹ̀, àpótí yóò máa ṣófo, ìkarahun yóò rọ̀, egungun ẹsẹ̀ yóò wọ́. Gbogbo wa ni a mọ bí ẹgbẹ́ tí ń yáni lówó láìgba ìdáwó ṣe máa ń parí.

Fítámínì D ni akápò. Òun ni ó ń gba kálísíọ́mù láti inú oúnjẹ, tí ó sì ń mú un wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá mú owó wá, tí akápò kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́, púpọ̀ nínú owó náà yóò bá a padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni kálísíọ́mù ṣe máa ń bá ìgbẹ́ jáde bí fítámínì D kò bá tó.

Ẹ̀kẹta wọn ni fọ́sífọ́rọ́sì. Òun náà wúlò, nítorí pé eegun kò lè dúró láìsí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ ju kálísíọ́mù lọ nínú oúnjẹ, ó ń dí kálísíọ́mù lọ́wọ́, ara yóò sì tún padà sí ìdí àpótí. Ohun tí àwọn dókítà ẹran ń wí ni pé kí kálísíọ́mù inú oúnjẹ ìjàpá tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́sì, ó kéré tán.

OÒRÙN TÍ Ó GBA INÚ GÍLÁÀSÌ WỌLÉ KÒ TÓ

Níbo ni ìjàpá ti ń rí fítámínì D? Púpọ̀ nínú rẹ̀, awọ ara rẹ̀ ni ó ń ṣe é nígbà tí oòrùn bá tàn sí i, gẹ́gẹ́ bí awọ tiwa náà ti ń ṣe. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kò lè rí, òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1919, dókítà kan ní ìlú Berlin, Kurt Huldschinsky, fi iná tí ń tan irú ìtànṣán yìí wo àwọn ọmọdé tí eegun wọn rọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì wọ́, eegun wọn sì le padà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí àṣìṣe wà. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán yìí kọjá. Ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, ooru yóò wọlé, ṣùgbọ́n èyí tí ń ṣe fítámínì D yóò kù sí ìta. Ìyá wa ti gbọ́ pé oòrùn dára fún ìjàpá, nítorí náà ó gbé àpótí rẹ̀ sí ìdí fèrèsé pálọ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Ó rò pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìjàpá náà fi yá ooru, kò rí oòrùn.

Ìlú Èkó kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, oòrùn wa kò sì wọ́n, kódà ní àkókò òjò. Ẹni tí ó ní àgbàlá ní Muṣin tàbí Yábàá, tàbí ẹni tí ó ní bákónì tí kò ní gíláàsì, ti ní akápò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó gbé ìjàpá síta fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, láti bí aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n òjìji gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò lè wọ́ sí fúnra rẹ̀, àti omi nínú àwo pẹrẹsẹ. Ìjàpá tí a dè mọ́ ojú oòrùn lórí kọnkéré lè kú láàárín àkókò díẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ JOS KỌ́ WA LỌ́GBỌ́N

Ẹnìkan lè sọ pé: “Bí ó bá jẹ́ pé fítámínì D ni, ṣé kò wà nínú ìgò tí ìyá rà?” Ó wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín.

Ní ọdún 1999, àwọn dókítà tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ìlú Jos tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọdé 123 tí wọ́n ní àrùn eegun rírọ̀. Oòrùn kò wọ́n àwọn ọmọ náà. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ́mù, wọ́n fún àwọn kan ní fítámínì D, wọ́n sì fún àwọn ìyókù ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tí wọ́n gba kálísíọ́mù, yálà òun nìkan ni wọ́n gbà tàbí wọ́n gbà á pẹ̀lú fítámínì D, sàn ju àwọn tí wọ́n gba fítámínì D nìkan lọ. Akápò wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Owó ìdáwó ni kò wọlé, nítorí pé kálísíọ́mù inú oúnjẹ wọn kéré púpọ̀.

Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ìjàpá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà bára mu. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fítámínì olómi tí a ń fún ọmọ ọwọ́ ni kò ní kálísíọ́mù nínú rárá. Ìyá wa ń pààrọ̀ akápò lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó mú owó wá. Bí fítámínì D bá tilẹ̀ pọ̀ jù nígbà tí kálísíọ́mù kò sí nínú oúnjẹ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí kó èyí tí ó wà nínú eegun jáde.

KÍ NI ÌJÀPÁ NÁÀ Ń JẸ?

Dókítà béèrè ohun tí ìjàpá náà ń jẹ. Àwọn ọmọ dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé: búrẹ́dì, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn bisikíìtì. Wọ́n ní ó fẹ́ràn wọn. Òótọ́ ni, ó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n nínú 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kálísíọ́mù kò ju bí mìlígíráàmù 5 lọ, fọ́sífọ́rọ́sì sì tó bí 22. Fọ́sífọ́rọ́sì pọ̀ ju kálísíọ́mù lọ nínú ìrẹsì àti àgbàdo náà, ó sì jìnnà. Ìbẹ́pẹ ni ó sàn díẹ̀: kálísíọ́mù rẹ̀ tó bí mìlígíráàmù 20, fọ́sífọ́rọ́sì rẹ̀ tó bí 10.

Kí á mọ irú ìjàpá tí ó wà nílé wa pẹ̀lú, nítorí oúnjẹ wọn kò dọ́gba. Oríṣi méjì ni a sábà máa ń rí ní ìlú Èkó. Àkọ́kọ́ ni ti inú igbó ilẹ̀ wa, tí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ lè ká sílẹ̀ bí ọmọrí àpótí. Ibi tútù tí ó ní òjìji ni ó fẹ́, ó ń jẹ ewé, èso tí ó já sílẹ̀, olú, ìgbín kéékèèké àti kòkòrò. Èkejì ni ńlá aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya, èyí tí ó lè wọn kílò 50 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá dàgbà. Koríko ni oúnjẹ tirẹ̀. Kò yẹ kí á fún un ní ẹran tàbí ẹja, kò sì yẹ kí èso pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀.

Fún èyí tí ń jẹ koríko, kí koríko tútù àti èyí tí ó gbẹ jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù. Fún àwọn méjèèjì, ẹ lè fi ewé òdòdó hibiscus, ewé ọ̀dùnkún, ewé mòríńgà, úgú àti ewédú kún un, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Kí ẹ má ṣe fi gbúre tàbí tẹ̀tẹ̀ ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ewé rere ni wọ́n fún ọbẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú wọn tí ń so mọ́ kálísíọ́mù tí ara kò fi ní lè lò ó. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Ẹ má ṣe fún un. Koríko ẹ̀bá títì náà kò dára, nítorí èéfín mọ́tò àti oògùn tí wọ́n ń fín sí i.

KÁLÍSÍỌ́MÙ WÀ NÍ ILÉ ÌDÁNÁ

Bí a bá ti tún oúnjẹ ṣe, kálísíọ́mù díẹ̀ lè kù tí yóò yẹ kí á fi kún un, pàápàá fún ọmọ ìjàpá tí ń dàgbà àti abo tí ń yé ẹyin. Èyí kò béèrè owó púpọ̀. Èèpo ẹyin adìẹ jẹ́ kálísíọ́mù kábónéètì ní ìwọ̀n bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ohun kan náà ni ìkarahun ìgbín, irú ohun kan náà sì ni òkúta tí wọ́n ń wà ní Ẹ̀wékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Èèpo ẹyin kan ṣoṣo ní kálísíọ́mù bí gíráàmù 2 nínú. Àwọn tí ń dín ẹyin ta ní Ojúẹlẹ́gba àti ní Ojúwòyè ń da èèpo nù lójoojúmọ́.

Báyìí ni a ó ṣe é:

1. Ẹ fọ èèpo ẹyin, kí ẹ sì bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò bí ó bá ṣe é ṣe.

2. Ẹ sè é nínú omi tí ń hó fún ìṣẹ́jú 10, kí kòkòrò àrùn lè kú.

3. Ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ kanrangídá.

4. Ẹ gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, kí ẹ sì jọ̀ ọ́ kí èyí tí ó mú má ṣe há a lọ́fun.

5. Ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ọmọrí.

Ìwọ̀n tí ìka méjì bá lè bù ni ẹ ó wọ́n sórí ewé tí a ti fi omi rin. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà yìí lè ra lẹ́búlẹ́bú ìkarahun òkun ní ilé ìtajà oúnjẹ adìẹ, irú èyí tí àwọn ọlọ́sìn adìẹ inú ẹgbẹ́ wa ń rà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi oúnjẹ adìẹ fúnra rẹ̀ bọ́ ìjàpá. Oúnjẹ tí a pò fún adìẹ kò bá inú ìjàpá mu.

ÀṢEJÙ, BABA ÀṢETẸ́

A kò wí pé oògùn inú ìgò kò wúlò. Ó wúlò fún ìjàpá tí kò lè jáde síta, èyí tí ń ṣàìsàn, àti èyí tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní oríṣiríṣi nínú. Ohun tí a ń wí ni pé kí á mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Fítámínì D: Ìjàpá tí ń rí oòrùn gidi kò nílò rẹ̀ nínú ìgò. Èyí tí ń gbé inú ilé nílò díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, kálísíọ́mù yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí dì sínú kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí omi líle bá dì sínú kẹ́tùlù.

Fítámínì A: Bí kò bá tó, ojú lè wú kí ó sì dì. Ṣùgbọ́n èyí wọ́n lára ìjàpá tí ń jẹ ewé tútù, nítorí pé inú ewé ni ara rẹ̀ ti ń rí ohun tí yóò fi ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ojú wíwú ni ó jẹ́ ti fítámínì A. Abẹ́rẹ́ fítámínì A tí ó bá pọ̀ jù lè mú kí awọ ìjàpá bó láti ọrùn títí dé ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gún un fúnra rẹ̀.

Fítámínì C: Kíndìnrín ìjàpá ń ṣe é fún un. Ẹ má ṣe ná owó lórí rẹ̀.

Oògùn ọmọ ọwọ́: Ọmọ tí ó wọn kílò 6 tàbí 7 ni wọ́n wọn oògùn náà fún, kì í ṣe ẹran tí kò tó kílò kan. Bí ẹ bá fẹ́ ra lẹ́búlẹ́bú fítámínì, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ti ìjàpá àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Fítámínì kì í pẹ́ nínú ooru ìlú Èkó lẹ́yìn tí a bá ti ṣí ìgò rẹ̀.

ÈTÒ TÍ DÓKÍTÀ FI LÉ WA LỌ́WỌ́

Ìjàpá àgbà tí ń gbé àgbàlá, tí ń rí oòrùn, tí ń jẹ oríṣiríṣi ewé: èèpo ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò nílò fítámínì inú ìgò.

Ọmọ ìjàpá tí ń dàgbà: èèpo ẹyin ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀, pẹ̀lú oòrùn ojoojúmọ́.

Abo tí ń yé: èèpo ẹyin ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Kálísíọ́mù tí ó fi ń ṣe èèpo ẹyin tirẹ̀, láti inú àpótí kan náà ni ó ti ń wá.

Ìjàpá tí kò lè jáde nínú fúláàtì: bí ti ọmọ ìjàpá, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú fítámínì tí ó ní D nínú lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà gbọ́dọ̀ ti rí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn: omi tútù lójoojúmọ́, kí á sì gbé wọn sínú omi tí kò ga ju àgbọ̀n wọn lọ, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè mu, kí kíndìnrín wọn sì rí omi ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá rí ìkarahun tí ó rọ̀ lára ìjàpá tí kì í ṣe ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n tàbí tí ń wọ́, ẹnu tí kò pàdé dáadáa, ojú tí ó dì, tàbí kí ó má jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe fi ilé ṣe ọsibítù. Ẹ gbé e tọ dókítà ẹran lọ.

ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒKÈÈRÈ

Ìjàpá kan wà tí ayé mọ̀ dáadáa, Jonathan ni orúkọ rẹ̀, ní erékùṣù St Helena nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀ ní 1882, ó ti dàgbà tán, nítorí náà wọ́n ka ọdún ìbí rẹ̀ sí bí 1832. Ní ọdún 2022 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ọdún 190 fún un. Ogbó mú kí ojú rẹ̀ fọ́, kò sì gbóòórùn mọ́. Kò lè yan koríko tí ó dára, ẹnu rẹ̀ tí ó fi ń gé koríko kò mú mọ́, ó sì ń rún. Dókítà ẹran ibẹ̀, Joe Hollins, kíyè sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ bọ́ ọ ní èso àti ewébẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn èròjà tí ara rẹ̀ ṣe aláìní padà, ẹnu rẹ̀ sì tún mú. Ẹ kíyè sí i pé dókítà náà kọ́kọ́ wá ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ojú tí yóò fi yan oúnjẹ ni ẹran náà ṣe aláìní, oúnjẹ ni ó sì fi wò ó.

Nílé wa níhìn-ín, ẹ ó rántí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó kú ní oṣù October 2019. Ààfin ní ó pé ọdún 344. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gbà pé ìjàpá lè dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ó pẹ́ láyé. Ẹran tí ó lè bá ọmọ wa dàgbà ni ìjàpá. Àṣìṣe kékeré tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ yóò ti di gbèsè ńlá kí ó tó pé ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó kù. Èkínní, ìjàpá lè gbé kòkòrò àrùn tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru kiri lára láìṣàìsàn. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a mú, kí á má sì ṣe fọ àwo rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwo oúnjẹ wa. Èkejì, àwọn oríṣi ìjàpá méjèèjì tí a dárúkọ ti wà lára àwọn ẹranko tí ń dínkù gidigidi nínú igbó. Kì í ṣe láti rán yín lọ ra tuntun ni a ṣe kọ̀wé yìí. Èyí tí ó ti wà nílé ni kí á tọ́jú.

Ní ti ìjàpá ìyá wa, dókítà fún un ní kálísíọ́mù olómi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ní kí wọ́n kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Àwọn ọmọ ń gbé e sọ̀kalẹ̀ sí àgbàlá kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé, àgbàlagbà kan tí ń gbé ìsàlẹ̀ sì ń bá wọn wò ó títí di ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń gún èèpo ẹyin. Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, wọ́n tún gbé e wá. A tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kò rì mọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jin kòtò lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò dìde. Dókítà ní kò ní dìde mọ́. Ìyá fi ọwọ́ pa ibẹ̀, ó ní: “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, kí ẹlòmíràn má bàa ra ohun tí mo rà.”

A ti kọ ọ́ o. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó fi rán akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sí wa kí ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ tó jáde. Kí ẹgbẹ́ wa máa gbèrú, kí àpótí wa má ṣe ṣófo. Àṣẹ.